Lẹ́yìn Ìlà Ẹfun

Fọ́tò 412 ni mo yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé kámẹ́rà lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo délé lálẹ́ tí mo tú wọn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ènìyàn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yìn ẹni tó ń sáré lọ, ẹ̀yìn ẹni tó ń fò, ìpàkọ́ rẹfirí, koríko gbalasa tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lórí rẹ̀ kí ìka mi tó tẹ bọ́tìnnì. Góòlù mẹ́ta ló wọlé lórí pápá yẹn, lẹ́bàá Agbowó, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. N kò rí ọ̀kankan mú nínú wọn. Fọ́tò tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọmọdébìnrin kan tó gbé omi inú ọ̀rá lérí, tó dúró lẹ́yìn kọ́nà tó ń wo eré.

Mo ti ń ya fọ́tò kí n tó débẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ òde: ìgbéyàwó ní Bódìjà, ìsọmọlórúkọ ní Challenge, ìsìnkú àgbà ní Ring Road. Mo mọ bí a ṣe ń to ẹbí ìyàwó sí ìlà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orí sókè díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá tó wà lẹ́yìn, a ò rí ojú yín o." Bí ẹnìkan bá ṣẹ́jú, a ó tún un yà. Láti ayé ìsọ̀ onífọ́tò tí aṣọ ìkélé wà lẹ́yìn àga, ohun tí iṣẹ́ yìí dúró lé nílẹ̀ wa nìyẹn: ẹni tí a fẹ́ yà á jókòó, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, á kọjú sí wa. Iyì rẹ̀ wà nínú pé ó fara balẹ̀ fún wa. Agbábọ́ọ̀lù kò lè fara balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá tilẹ̀ rántí pé onífọ́tò wà nítòsí, ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí eré nìyẹn.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba J.D. 'Okhai Ojeikere níbí, nítorí Ìbàdàn wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1954, inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Mínísírì Ìròyìn níbí. Nígbà tó di 1961, ó ti di ayàwòrán ní Ilé Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, ni ayé wá fi mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀yìn orí ló ti ya púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí náà sì ń sọ̀rọ̀ bí ojú. Mo wo àwọn fọ́tò yẹn dáadáa lẹ́yìn Sátidé mi yẹn. Irun ni Ojeikere wá wò, ẹ̀yìn orí sì ni irun wà. Èmi, kí ni mo wá wò lórí pápá? N kò tíì bi ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ohun èlò, nítorí òun ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ń béèrè. Kámẹ́rà mi jẹ́ Canon tòkunbọ̀, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18–55 tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àpótí pẹ́nárítì gùn ní mítà 16.5 láti ojú ilé sínú pápá. Bí ẹ bá fa lẹ́ńsì yẹn dé 55, tí agbábọ́ọ̀lù sì wà ní mítà 16.5 sí yín, ìbú ohun tí fọ́tò yín yóò gbà á sún mọ́ mítà 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ilé fúnra rẹ̀, tó jẹ́ mítà 7.32. Ẹni tó ga ní mítà 1.8 á gba bí ìdá méjì nínú márùn-ún gíga fọ́tò náà. Ìyẹn ṣeé lò. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá wà ní mítà 50, fọ́tò á gba ìbú mítà 20, ènìyàn á wá dà bí èèrà lórí ẹní. Lẹ́ńsì 55–250, tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti kékeré yẹn lọ, á sọ mítà 20 yẹn di mítà mẹ́rin àtààbọ̀.

Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń lo 70–200 tàbí 400 tó ṣí dé f/2.8. Owó lẹ́ńsì 400 irú ìyẹn tó bá jẹ́ tuntun ju owó ọkọ̀ Micra tòkunbọ̀ kan lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní in, kó má ṣe máa lé eré kiri. Kó yan igun kan lẹ́bàá ilé, kó jókòó síbẹ̀, kó jẹ́ kí eré wá bá òun. Láàárín ìṣẹ́jú 90, eré yóò wá. Tàbí kó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá nínú àdúgbò, tí òkúta méjì jẹ́ ilé. Níbẹ̀, gbogbo nǹkan ló wà nítòsí, lẹ́ńsì 55 sì tó.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ya ògiri funfun lẹ́ẹ̀mejì ní f/16 kí ẹ tó sanwó, kí ẹ fẹ fọ́tò náà lójú. Àmì dúdú tó bá wà lójú kan náà nínú méjèèjì, ìdọ̀tí tàbí ìfarapa ló wà lójú ẹ̀rọ náà. Ẹ tan iná fóònù sínú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú dígí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ibi tí mo ti kùnà jù lọ́jọ́ yẹn ni ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó sì ń padé. Lóde ìgbéyàwó, ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá tó fún ènìyàn tó dúró tàbí tó ń rọra jó. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá dáadáa lè sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín mítà 28 sí ọ̀nà 125, ẹ ó rí i pé kí kámẹ́rà tó ṣí kó tó padé, bọ́ọ̀lù ti rin sẹ̀ǹtímítà 22. Ìbú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí bọ́ọ̀lù inú fọ́tò mi fi gùn bí ẹyin. Ní 1/1000, kò ní rìn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ojú rírán rẹ̀ á sì hàn. Láti ìgbà náà, n kì í sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí 1/1000 bí oòrùn bá wà. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, mo lè gbà fún 1/500, pẹ̀lú ìrora. Mo máa ń gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sókè kí n tó dín ìyára kù. Fọ́tò tó ní hóró-hóró díẹ̀ ṣì jẹ́ fọ́tò. Èyí tí ojú agbábọ́ọ̀lù ti yọ́ pọ̀ mọ́ ojú ọ̀run kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ tún gbé kámẹ́rà sí ipò tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn, AI Servo lórí Canon, AF-C lórí Nikon, ojú àmì kan ṣoṣo láàárín, kí ẹ gbé àmì náà lé àyà agbábọ́ọ̀lù. Ẹ fi fíláàṣì sílé. Ó ń ba ojú aṣọ́lé jẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì lè dé ibi tí eré wà.

Mo tún gbogbo èyí ṣe ní Sátidé kejì. Ohun inú fọ́tò mi wá mọ́ kedere. Ẹ̀yìn ènìyàn ló sì tún pọ̀ jù níbẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ ibi tí a ń jókòó sí, àti ìtàn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Ring Road tiwa. Pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní 1960 tí à ń pè ní Liberty, tí ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè ní 2010, ibẹ̀ ni Dick Tiger ti pàdé Gene Fullmer lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963. Ìjà àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ nìyẹn tí abẹ̀ṣẹ́ jà nílẹ̀ adúláwọ̀ ní Áfíríkà. Fullmer kò lè padà wá lẹ́yìn ipele keje. Bí mo bá ti gba ẹ̀gbẹ́ Òkè-Adó kọjá, mo máa ń ronú nípa àwọn onífọ́tò tó fara ti okùn lọ́jọ́ yẹn: ta ló wà níwájú Tiger, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Mo ń ronú bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sí i, ní Lewiston, ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1965. Muhammad Ali lu Sonny Liston bolẹ̀ ní ipele àkọ́kọ́, ó dúró lé e lórí, ó ká apá kọ́ láyà, ó ń pariwo mọ́ ọn pé kó dìde. Neil Leifer, ọmọ ọdún 22, ló ya fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ wo fọ́tò náà dáadáa, ẹ ó rí ọkùnrin kan láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì Ali, ní òdìkejì okùn. Herb Scharfman ni, àgbà onífọ́tò tí òun náà wá ya ìjà yẹn fún ìwé ìròyìn Sports Illustrated kan náà. Kò sí ohun tí Leifer mọ̀ tí Scharfman kò mọ̀. Ẹ̀yìn Ali ni ó kàn án lọ́jọ́ yẹn, ojú ló kan Leifer.

Nítorí náà, ẹ̀yìn lè kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a má fi ọwọ́ ara wa yàn án. Ní Sátidé mi méjèèjì, àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo dúró sí, níbi tí mo rò pé mo ti máa rí gbogbo nǹkan. Láti ibẹ̀, tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń sáré kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ìlà ilé, láàárín kọ́nà àti òpó ilé, ojú àwọn tó fẹ́ gbá góòlù wọlé ló ń wò, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Kó wo oòrùn kó tó yan apá tí yóò jókòó sí. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí léjìká rẹ̀, pàápàá lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí bọ́ọ̀lù tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀. Awọ dúdú nílò ìmọ́lẹ̀ tó dojú kọ ọ́. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, kámẹ́rà á sì máa ya ojú ọ̀run dípò rẹ̀.

Mo sì ní "jókòó" pẹ̀lú ìdí. Agbábọ́ọ̀lù ń wo ilẹ̀, bọ́ọ̀lù ló ń wò. Bí ẹ bá dúró, iwájú orí rẹ̀ àti irun ojú rẹ̀ lẹ ó rí. Bí ẹ bá jókòó sórí àpótí kékeré tàbí tí ẹ kúnlẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ á ṣí sí yín. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á yàtọ̀: òun á ga sókè, àwọn ènìyàn tó ń wòran á di ògiri aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ́yìn rẹ̀. Lórí àwọn pápá àdúgbò wa, okùn aṣọ, ọkọ̀ tó bàjẹ́ àti táǹkì omi ló máa ń wà lẹ́yìn, ẹ sì gbọ́dọ̀ rìn yí pápá ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọn kò ti ní yọ jáde lórí agbábọ́ọ̀lù bí ìwo.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí ojú mi padà gan-an, pápá ìṣeré Adámásingbà ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ibẹ̀: láti Agbowó, ẹ ó wọ Micra gba Sáńgò dé Mọ́kọ́lá, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé Dùgbẹ̀. (Inú báàgì ìwé lásán ni kí kámẹ́rà wà. Báàgì kámẹ́rà tó dára jù ni èyí tí kò jọ báàgì kámẹ́rà.) Lékan Sàlámì tí pápá náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ alága Shooting Stars láyé rẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwa níbí ń pè ní Sútìn. Ẹgbẹ́ yìí ló kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní 1976, nígbà tí wọ́n fi àmì ayò 4–2 lápapọ̀ borí Tonnerre Yaoundé, tí Roger Milla wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún gba ife CAF ní 1992, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ díje fún un. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn akọni, ní 1984 àti 1996, Zamalek ti Íjíbítì ló sì dí wọn lọ́nà nígbà méjèèjì. Ẹni tó bá jókòó láàárín àwọn arúgbó tó ń wòran ní Adámásingbà, gbogbo ọdún wọ̀nyí ni yóò gbọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, láàárín ìlù àti fèrè.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni mo lọ yà. Mo ti kọ lẹ́tà ṣáájú, mo ti gba táàgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ lẹ́tà, kí ẹ wá alukoro ẹgbẹ́ lọ, kí ẹ má kàn gbé kámẹ́rà kọ́rùn dé géètì. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní pápá mìíràn, wọ́n sì fà mí jáde níwájú gbogbo ènìyàn. Ní Adámásingbà, mo jókòó sí ibi tó yẹ, mo gbé ìyára sí ibi tó yẹ, mo sì ń fi lẹ́ńsì tẹ̀lé bọ́ọ̀lù láti òpin pápá dé òpin. Bàbá onífọ́tò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kámẹ́rà rẹ̀ ti gbó ju tèmi lọ. Ó wò mí títí, ó wá ní:

"Àbúrò, bọ́ọ̀lù lo wá wò ni?"

"Rárá, sà. Fọ́tò ni mo wá yà."

"Kí ló dé tí o wá ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni tó sanwó géètì? Ẹni tí bọ́ọ̀lù ń lọ bá ni kó o wò. Ojú rẹ̀ á sọ fún ọ."

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ yé. Láti ìgbà tí ojú ènìyàn bá rí nǹkan títí di ìgbà tí ìka yóò tẹ bọ́tìnnì, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni. Láàárín àkókò yẹn, bọ́ọ̀lù tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan ti rin ju mítà márùn-ún lọ. Ẹni tó bá rí i tán kó tó tẹ̀ ẹ́ ti pẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú, ara àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ló sì lè sọ fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà, mo máa ń fi ẹni tó fẹ́ gbá a sílẹ̀, mo máa ń wo agbẹ́yìn gíga tó ń rọra sún sẹ́yìn, tó ń wo ojú aṣọ́lé, tí èjìká rẹ̀ ti ń gbé sókè. Òun ni yóò fò. Mo máa ń gbé àmì lé àyà rẹ̀, mo máa ń dúró dè é. Bí bọ́ọ̀lù bá dé, inú fọ́tò mi ni yóò dé sí. Bí kò bá dé, mo ṣì ní ojú ẹni tó fò lásán, ìyẹn náà sì jẹ́ apá kan nínú eré. Ojú kejì tí n kò fi sí kámẹ́rà, mo máa ń là á sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ gbá mi lórí lẹ́ẹ̀kan, ojú yẹn ló gbà mí.

Nígbà tí góòlù bá wọlé, onífọ́tò tuntun máa ń gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ láti wo ohun tó yà. Èmi náà ṣe é. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí Ràṣídì Yẹ́kínì, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún Sútìn láti 1982 sí 1984, tó sì padà wá gbé Ìbàdàn títí ó fi kú ní 2012. Ní Dallas, lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i níwájú ilé Bùlùgéríà, ó sì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ife àgbáyé. Góòlù náà rọrùn, ẹsẹ̀ lásán ló fi kàn án. Ohun tó tẹ̀lé e ni a kò gbàgbé: ó sáré wọ inú ilé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ihò àwọ̀n, ó di àwọ̀n mú, ó ń ké, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ya ojú yẹn wà lẹ́yìn àwọ̀n. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pápá ló wà, ẹ̀yìn aṣọ Yẹ́kínì ni à bá máa wò títí di òní.

Àwọ̀n máa ń dá kámẹ́rà lọ́nà, nítorí ó lè mú okùn tó sún mọ́ ọn dípò ènìyàn tó wà lẹ́yìn okùn. Ẹ sún lẹ́ńsì mọ́ ihò àwọ̀n kí ẹ sì ṣí i dé ibi tó lè ṣí dé, okùn á yọ́ dànù. Àyàfi bí ẹnìkan bá wá di okùn náà mú bíi ti Yẹ́kínì. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí okùn hàn.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kò gùn. Ilẹ̀ wa kì í pẹ́ ṣú: lágogo márùn-ún ìmọ́lẹ̀ dára bí oyin, lágogo mẹ́fà ààbọ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì lórí pápá, eruku á wọlé. Bí òjò bá ṣú, ọ̀rá tí ẹ lu ihò sí tí ẹ fi rọ́bà dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì ti tó.

Ohun tó kù ni ohun tó jẹ mí lógún jù lọ. Bàbá ìyá mi gbé Òkè-Adó, kò sì sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní Liberty tí kò lọ wò. Nígbà tó kú, a rí fọ́tò kan nínú àpótí rẹ̀: agbábọ́ọ̀lù 11, mẹ́fà dúró, márùn-ún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn kún ẹ̀yìn wọn. Wọ́n kọ "Liberty" sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báírò. Kò sí ọdún, kò sí orúkọ. Ìyá mi ní bàbá máa ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á pe orúkọ wọn, á sọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìyá mi kò rántí ju pé ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ mọ́tò. Nínú ìwé, orúkọ àwọn ẹni ńlá ayé ìgbà náà wà: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdàṣírù Lawal, Best Ogedengbe, Sam Ojebode. Mo ti gbé fọ́tò bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú gbogbo wọn, n kò rí èyí tó bá a mu. Àwọn 11 yìí lè jẹ́ ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ kan tàbí ti àdúgbò kan. Onífọ́tò wọn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ wà lójú wọn, gbogbo wọn hàn. Láyé fíìmù tí 36 péré wà nínú róòlù kan, ó tún fi ọ̀kan jin wọn. Orúkọ nìkan ni kò kọ.

Èmi lè ya 1,000 láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, n kò sì ní àwáwí kankan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lọ bá kóòṣì méjèèjì, mo máa ń kí wọn, mo máa ń ya ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sí. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ tó kó àwọn ọmọ wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó sùn, mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan tí mo bá yàn: ọjọ́, pápá, ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń gba àkókò ju yíyà lọ. Bí iná kò bá sí, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Lórí pápá àdúgbò, kò sí ìwé orúkọ, jẹ́sì náà kò sì bára mu. Lóṣù tó kọjá, mo padà sí pápá Sátidé mi àkọ́kọ́, lẹ́bàá Agbowó. Ọmọ kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún 15 lọ, tó wọ jẹ́sì Arsenal pupa tó ti ṣá, tí wọ́n kọ "SAKA" àti 7 sẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá góòlù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì yí padà sáré bọ̀ tààrà síbi tí mo jókòó sí, ẹnu rẹ̀ là, apá rẹ̀ nà. Fọ́tò mẹ́sàn-án ni mo rí yà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú ló wà nínú mẹ́jọ. Nínú ìkẹsàn-án, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dì mọ́ ọn, wọ́n ti yí i padà, SAKA nìkan ló hàn.

Mo wo ìkẹsàn-án yẹn pẹ́. Bukayo Saka fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ní 2001. Kò sí ẹni tó lè bẹ̀rù pé orúkọ tirẹ̀ yóò sọnù. Bí fọ́tò yìí bá wà nínú àpótí kan ní àádọ́ta ọdún sí i, ẹni tó bá ṣí i á ka ẹ̀yìn jẹ́sì, á sì rò pé òun ti mọ ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n fun fèrè, mo mú ìwé jáde, mo pè é. Ó wá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan kó lè rí ohun tí mo ń kọ. Ó pe orúkọ rẹ̀ fún mi, ti òun àti ti bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́. Ó wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, àmì wà lábẹ́ ọ̀."

Mo fi àmì náà sí i. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde, ó sì sáré padà lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.